Bírékà Ń Jábọ́ Bẹ́ẹ̀ Soft Start Wà Níbẹ̀: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ́ páwà sọ́pláì kan fún àńpìlífáyà mi, tíránsífọ́mà toroid (èyí tó rí bí òrùka) ni mo lò, 800 VA, 230 fóòtì ló ń gbà, ó ń gbé 45 fóòtì jáde lọ́nà méjì, mo so bíríìjì tó ń sọ AC di DC mọ́ ọn, mo sì fi kápásítọ̀ 15,000 máíkíró fáràdì mẹ́rin sí i. Torí mo ti gbọ́ pé toroid ńlá máa ń já bírékà, mo ṣe soft start sí i kí iná lè máa rọra wọlé, rẹ̀sísítọ̀ 47 óòmù kan ló ń dá iná dúró, rílè (súwíìsì tí iná ń tì fúnra rẹ̀) á wá gbá a kọjá lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa ọjọ́ ti pẹ́, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já bírékà ilé láìpẹ́ yìí, B16 ni bírékà náà. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà o, nígbà míì màá tàn án kò ní ṣe nǹkan kan, nígbà míì á jábọ́ léraléra kó tó dúró. Fíúsì inú rẹ̀ ò jó rí. Ṣé kí n kàn fi bírékà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan bírékà yẹn. Wáyà inú ògiri ló ń ṣọ́, kì í ṣe àńpìlífáyà yín, 16 tí wọ́n kọ sí i, wáyà yẹn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Tẹ́ ẹ bá gbé 32 sí i, bírékà ò ní jábọ́ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ lóòótọ́, wáyà inú ògiri lá máa gbóná kí bírékà tó mọ̀ rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ìdáhùn sí rọrùn: ìgbà wo gan-an ló ń jábọ́? Ẹ tan súwíìsì kẹ́ ẹ fetí sí rílè. Ṣé kí rílè tó dún "kẹ̀" ni bírékà ń jábọ́, àbí bó ṣe dún yẹn gan-an, àbí ó di ìgbà tí orin ti ń lọ? Èèyàn á máa yọ páàtì kan, á máa fi òmíì sí i, láìtíì dáhùn ìbéèrè yìí, owó á lọ, iṣẹ́ ò ní yanjú. Tó bá jẹ́ ìgbà tí orin ti ń lọ, soft start ò jẹ̀bi níbẹ̀, àńpìlífáyà fúnra rẹ̀ tàbí bíríìjì ni kẹ́ ẹ lọ wò. Àwọn méjì tó kù ni ká sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú toroid lákọ̀ọ́kọ́ ná, torí ibẹ̀ ni "nígbà míì, nígbà míì" tẹ́ ẹ sọ yẹn ti wá. Irin àárín tíránsífọ́mà ní ìwọ̀n agbára òòfà tó lè gbà, tó bá kọjá ìwọ̀n yẹn irin á yó, bó bá sì ti yó, káìlì práímárì (èyí tí iná ilé ń wọ̀) á wá dà bíi wáyà lásán lójú iná, kò sí ohun tó máa dá iná dúró mọ́ àyàfi óòmù wáyà yẹn fúnra rẹ̀, tí kì í sábà ju óòmù kan sí méjì lọ nínú toroid 800 VA. Iná 230 fóòtì yìí, tó bá dé góńgó rẹ̀, 325 ni. 325 lórí óòmù kan àbọ̀, ó ju 200 áńpù lọ, ká tiẹ̀ yọ ti wáyà ilé kúrò nínú rẹ̀, ó ṣì máa ń kọjá 100. Kì í pẹ́ o, láàárín ìyípo iná mélòó kan ó ti lọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí fíúsì inú rẹ̀, tó bá jẹ́ oríṣi tó ń lọ́ra jó, kì í fi í mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bírékà ní òòfà nínú tó ń já a lójú ẹsẹ̀. Bírékà oríṣi B, tí iná bá ti tó ìlọ́po 3 sí 5 ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó ti lọ, ìyẹn 48 sí 80 áńpù fún B16. Ti C jẹ́ ìlọ́po 5 sí 10, ti D jẹ́ 10 sí 20.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ nígbà míì? Iná AC ń lọ sókè sódò ni, ibi tó wà lásìkò tọ́wọ́ yín kan súwíìsì ló ń pinnu. Tẹ́ ẹ bá bá a lórí òdo, ibẹ̀ ló burú jù, torí agbára òòfà á kóra jọ fún odindi ìdajì ìyípo, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí irin ń gbà tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bá a ní góńgó, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ẹ tún fi ti òòfà tó ṣẹ́ kù sínú irin látìgbà tẹ́ ẹ ti pa á kẹ́yìn kún un. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí i pé ó jábọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan náà ló bàjẹ́ lọ́jọ́ méjèèjì.

Rẹ̀sísítọ̀ 47 óòmù yín ló yẹ kó gba gbogbo èyí mọ́ra: 325 lórí 47, kò tó 7 áńpù. Bírékà B16 ò lè jábọ́ nítorí 7 áńpù láéláé. Nítorí náà, tó bá ń jábọ́ lásìkò tẹ́ ẹ tan súwíìsì, a jẹ́ pé iná ò gba inú rẹ̀sísítọ̀ kọjá rárá, tàbí kò pẹ́ tó níbẹ̀.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kì í ṣe súwíìsì nìkan ni kẹ́ ẹ pa o, ẹ yọ ọ́. Ẹ ṣí i. Ẹ fi mítà wọn kápásítọ̀ ńláńlá yẹn lórí DC, wọ́n ń gbé ohun tó ju 60 fóòtì dání, tí kò bá sì sí rẹ̀sísítọ̀ tó ń fà á tán, wọ́n lè mú un fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má fi sukurudiráífà ṣọ́ọ̀tì wọn, iná á ta, ẹsẹ̀ kápásítọ̀ á jó, ẹ lè ṣe ojú yín léṣe. Rẹ̀sísítọ̀ 100 óòmù, 10 wáàtì, tẹ́ ẹ fi nǹkan tí kì í gbé iná dì mú, ẹ gbé e lé e fún bíi ìdajì ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ tún wọn ọ́n, kó ti wálẹ̀ sí fóòtì méjì mẹ́ta kí ọwọ́ yín tó wọ ibẹ̀.

Ó yá, ẹ yí mítà sí óòmù, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ẹsẹ̀ rílè méjì tí iná ilé ń gbà kọjá, àwọn tí rẹ̀sísítọ̀ náà wà lórí wọn. Mítà ò lè sọ ju ohun mẹ́ta lọ fún yín níbẹ̀. Tó bá kọ nǹkan bíi 47, rẹ̀sísítọ̀ wà láàyè, rílè sì ṣí bó ṣe yẹ. Tó bá kọ òdo tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, ẹnu rílè ti lẹ̀ mọ́ra, iná ń gba ibẹ̀ kọjá látìgbà tẹ́ ẹ bá ti tan súwíìsì, bíi pé ẹ ò ṣe soft start rárá. Tó bá kọ OL, ìyẹn ni pé ọ̀nà iná ti já, rẹ̀sísítọ̀ ti jó, nǹkan kan ò wọlé títí rílè á fi dé, rílè á wá gbé gbogbo iná yẹn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá rí i báyìí pé ohun tí etí yín gbọ́ àti ohun tí mítà kọ gbọ́dọ̀ bára mu. Bírékà jábọ́ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbọ́ "kẹ̀": rílè tó lẹ̀. Bírékà jábọ́ pẹ̀lú "kẹ̀": rẹ̀sísítọ̀ tó jó, tàbí kí rílè máa tètè dé jù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mítà ò ní fi hàn yín, torí 47 náà ló máa kọ. Kápásítọ̀ kékeré tó ń ka àkókò lórí bọ́ọ̀dù soft start, tó bá jẹ́ irú èyí tó ní omi nínú, ooru máa ń gbẹ ẹ́, pàápàá tí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀sísítọ̀ tó ń gbóná. Bó ṣe ń gbẹ bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn ń dín kù, á di ìdajì, á di ìdámẹ́wàá, kápásítọ̀ ńlá yín ò sì tíì kún. Pẹ̀lú 60,000 máíkíró fáràdì lápapọ̀ àti 47 óòmù, wọ́n nílò ó kéré tán ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí wọ́n tó sún mọ́ kíkún, torí náà ìṣẹ́jú àáyá kan tẹ́ ẹ fi sí i dáa gan-an, ẹ má jẹ́ kó dín. Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ "kẹ̀" ní kété tẹ́ ẹ tan iná, tí kò sí àyè láàárín, kápásítọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ pààrọ̀.

Tó bá jẹ́ rílè ló lẹ̀, àwọn kan máa ń fi ẹ̀yìn sukurudiráífà gbá a kó lè ṣí. Á ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti rí gbágungbàgun, á tún lẹ̀. Ẹ ra òmíì, èyí tí wọ́n kọ 16 áńpù àti 250 fóòtì AC sí lára, kẹ́ ẹ sì wo fóòtì tó ń dé káìlì rẹ̀, tí káìlì 24 fóòtì bá ń rí 17, rílè á máa gbọ̀n lẹ́nu, ìgbọ̀n yẹn ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

Tó bá jẹ́ rẹ̀sísítọ̀ ló jó, ẹ bi ara yín pé wáàtì mélòó lẹ fi síbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tan iná, ó ń gbé bíi 115 júùlù mì, kí kápásítọ̀ tó kún. 5 wáàtì kì í pẹ́ kú nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi wáyà yí, 25 wáàtì sókè, tí wọ́n fi irin alumíníọ̀mù bò, tẹ́ ẹ sì fi bóòtù dè mọ́ àpótí, òun ni mo fara mọ́. Ẹ tún so fíúsì tí ooru ń já mọ́ ọn lára, ẹ má fojú kéré èyí rárá, torí bí nǹkan bá ṣọ́ọ̀tì lẹ́yìn rẹ̀ tí rílè ò sì dé, 230 fóòtì lórí 47 óòmù ju 1,100 wáàtì lọ, ìyẹn jẹ́ iná tó lè jó ilé, áńpù tó sì ń lọ níbẹ̀ ò tó 5, bírékà yín ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, tí soft start bá ti pé, tí bírékà sì ṣì ń jábọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan torí ohun mìíràn tó wà lórí wáyà kan náà, ẹ lè bá oníná tó mọṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa C16. 16 náà ni, ṣùgbọ́n òun ló gbọ́dọ̀ wọn wáyà ilé kó tó ṣe é, kó lè mọ̀ pé tí ṣọ́ọ̀tì gidi bá dé, iná á tó láti já C.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi, soft start ò bàjẹ́, mo ti wọn gbogbo rẹ̀. Láàárọ̀ tí mo bá tàn án kò ní jábọ́. Ìgbà tí iná bá kàn lọ fìrí tó tún dé ló máa ń jábọ́. Rẹ̀sísítọ̀ NTC ni mo lò, kò sí rílè níbẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín. NTC, tó bá tutù, óòmù rẹ̀ pọ̀, tó bá gbóná óòmù rẹ̀ á já wálẹ̀ gan-an, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. Iná lọ, iná dé, ó ṣì gbóná, kò ní ohun tó máa fi dá iná dúró. Ó máa ń gbà á ní ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó tutù padà. Ẹ so rílè mọ́ ọn kó máa gbá a kọjá, NTC á lè tutù nígbà tí orin ń lọ, á sì wà ní ìmúrasílẹ̀ nígbà tí iná bá tún dé.

Kẹ́yin tẹ́ ẹ ń lo rílè náà má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín o. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kápásítọ̀ ńlá lẹ ti ń fa iná rílè, tí iná ilé bá lọ fìrí, kápásítọ̀ ṣì máa gbé rílè dání, iná á dé bá a ní títì. Iná tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kẹ́ ẹ fún rílè, láti ara tíránsífọ́mà kékeré tàbí wáyà mìíràn, pẹ̀lú kápásítọ̀ kékeré péré, kẹ́ ẹ sì fi dáyóòdù kan gba orí rẹ̀sísítọ̀ tó ń ka àkókò, kí kápásítọ̀ àkókò lè tú dànù kíákíá bí iná bá ti lọ.

ÌBÉÈRÈ: Tuntun ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tèmi. Rẹ̀sísítọ̀ ń rú èéfín, rílè á dún, bírékà á jábọ́. Gbogbo ìgbà ni. Mo ti yọ bíríìjì àti kápásítọ̀ kúrò, ó ṣì ń ṣe é. Ṣé tíránsífọ́mà ti jó ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣe dáadáa tẹ́ ẹ yọ ohun tẹ́ ẹ so mọ́ sẹ́kọ́ńdárì (káìlì tó ń gbé iná jáde) kúrò, ìyẹn ti mú ìdajì iṣẹ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ má tíì jù ú nù, ohun méjì wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò.

Àkọ́kọ́ ni bóòtù tó gba àárín toroid kọjá. Ìdí rẹ̀ wà lára àpótí irin, ìyẹn dáa. Orí rẹ̀ ńkọ́? Tí ìdérí àpótí bá kan orí bóòtù yẹn, tàbí tẹ́ ẹ bá fi irin kan so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí kó má baà mì, bóòtù, ìdérí àti àpótí ti di wáyà kan tó yí irin toroid ká lẹ́ẹ̀kan, tó sì ṣọ́ọ̀tì sára rẹ̀. Fóòtì orí rẹ̀ ò tó kan, ṣùgbọ́n áńpù tó ń lọ níbẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ yọ ìdérí, kẹ́ ẹ tún un dán wò láìsí i. Ìgbà tí ìdérí bá wà lórí nìkan ló ń ṣe é? Ẹ ti rí i.

Èkejì, tó bá jẹ́ práímárì 115 fóòtì méjì ló ní, tẹ́ ẹ so tẹ̀lé ara wọn láti gba 230, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti so ọ̀kan lódì. Òòfà wọn á máa pa ara wọn rẹ́, á wá ku óòmù wáyà nìkan, ó sì bá èéfín tẹ́ ẹ sọ yẹn mu gan-an. Ẹ wo ìwé tó bá a wá, ẹ wo àwọ̀ wáyà, ìparí ti àkọ́kọ́ ló yẹ kó pàdé ìbẹ̀rẹ̀ ti èkejì.

Kẹ́ ẹ tó tún tàn án, ẹ so gílóòbù àtijọ́ tó ní wáyà tín-ín-rín nínú, 60 tàbí 100 wáàtì, sójú ọ̀nà iná tó ń lọ sí práímárì, kẹ́ ẹ sì fi sẹ́kọ́ńdárì sílẹ̀ láìso mọ́ ohunkóhun, kí wáyà kankan má kan ara wọn. LED ò lè ṣe é, ẹ má lò ó. Tíránsífọ́mà tó dáa, gílóòbù á tàn yẹ́ẹ́ á sì kú, tàbí kó má tilẹ̀ tàn rárá. Tó bá tàn tó dúró bẹ́ẹ̀, ìdè yẹn ṣì lódì tàbí káìlì ti ṣọ́ọ̀tì nínú. Gílóòbù á gba ìyà náà, bírékà ò ní mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bírékà tèmi ní bọ́tìnì kékeré tí wọ́n kọ T sí lára. Ó ń jábọ́ nígbà tí mo bá so páwà sọ́pláì mi, soft start wà níbẹ̀ o. Ẹnì kan ní kí n yọ wáyà ẹ́ẹ̀tì kúrò, pé á dáwọ́ dúró.

ÌDÁHÙN: Ẹ má yọ wáyà ẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe é rárá, ẹ jọ̀ọ́. Á dáwọ́ dúró lóòótọ́, àpótí irin á sì máa dúró de ẹni tó máa fọwọ́ kàn án.

Bírékà tó ní bọ́tìnì T kì í ṣọ́ iná tó pọ̀ jù, iná tó ń jò lọ sílẹ̀ ló ń ṣọ́, 30 milíáńpù ni wọ́n sábà máa ń kọ sí wọn lára, ó sì lè ti já látorí 15 lọ. Àwọn kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, nítorí náà ẹ wo ara rẹ̀, tí B tàbí C àti áńpù bá wà lára rẹ̀ pẹ̀lú T, ẹ kọ́kọ́ fetí sí rílè bí mo ṣe sọ lókè. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo fíltà tó wà níbi tí iná ti ń wọlé, kápásítọ̀ inú rẹ̀ tó lọ sí ẹ́ẹ̀tì máa ń jẹ́ kí iná díẹ̀ jò, tí kọ̀ǹpútà àtàwọn nǹkan míì bá tún wà lórí bírékà kan náà, gbogbo rẹ̀ á para pọ̀. Ẹ yọ àwọn yòókù kúrò, ẹ so tiyín nìkan. Tó bá ṣì ń jábọ́, ẹ jẹ́ kí oníná gbé mítà tó ń fi 500 fóòtì wọn ara wáyà wá, kó wọn láàárín práímárì àti àpótí, tó bá wálẹ̀ ju mẹ́gáóòmù kan lọ, ara wáyà ti bó síbì kan.

ÌBÉÈRÈ: Mo yọ rílè onírin àti rẹ̀sísítọ̀ rẹ̀ kúrò, mo fi SSR (rílè tí kò ní ẹnu irin tó ń ṣí tó ń tì) sí i torí wọ́n ní ó máa ń duro de òdo kó tó tan iná, pé ìyẹn ń tu nǹkan lára. Bírékà wá ń jábọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni wọ́n sọ, tó bá jẹ́ híítà tàbí gílóòbù. Ti tíránsífọ́mà yàtọ̀, orí òdo yẹn gan-an ni ibi tó burú jù láti bá iná, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ nínú ìdáhùn àkọ́kọ́. Súwíìsì tó ń bá a níbi tó bá wù ú tẹ́lẹ̀ máa ń bọ́ sí ibi tó dáa nígbà míì, SSR yín ń lọ sí ibi tó burú yẹn ní gbogbo ìgbà, kì í ṣì í. Ẹ dá rẹ̀sísítọ̀ padà síwájú tíránsífọ́mà, kẹ́ ẹ lo rílè onírin láti gbá a kọjá. Tó bá jẹ́ SSR lẹ fẹ́ dandan, ẹ wá oríṣi tí kì í dúró de òdo, ẹ sì so irin tí yóò máa fa ooru rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, torí kò dà bíi rílè onírin, ó máa ń gbóná ní gbogbo ìgbà tí orin bá ń lọ.